Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Lé Àna Dé Orí Tábìlì

Bí ẹ bá dé àdúgbò kan lẹ́yìn ọjà Ajah, tí ẹ gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ mẹ́fà ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má wulẹ̀ béèrè ọ̀nà mọ́, ṣọ́ọ̀bù Ògúnkúnlé lẹ dé yẹn. Ọmọ Ìgbòho ni, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó ga, ó gbẹ, ọ́ìlì dúdú kì í sì í kúrò léèékánná rẹ̀. Kò sí jẹnẹrétọ̀ tó kú tí kò lè jí dìde. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo àdúgbò fi mọ̀ ọ́n ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ ni kíkí. Háà, Ògúnkúnlé mọ èèyàn kí! Bàbá tó bí i ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ní Ìgbòho lọ́hùn-ún, bí àgbàlagbà bá gba iwájú ilé wọn kọjá, tí àyà Ògúnkúnlé kò tíì kan ilẹ̀ kí onítọ̀hún tó dé ìdí igi odán, ó di dandan kí ọmọ náà febi sùn. Ebi ló fi kọ́ ẹ̀kọ́ ilé, ẹ̀kọ́ tí a sì fi ebi kọ́ kì í kúrò lára. Bó bá ti fojú gán-án-ní irun funfun báyìí, ó ti balẹ̀ kí ọpọlọ rẹ̀ tó béèrè pé ta nìyẹn. Ó ti dọ̀bálẹ̀ fún ewúrẹ́ onírùngbọ̀n rí nínú kùrukùru òwúrọ̀. N ò purọ́ mọ́ ọn, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

Ìwà yìí náà ló fi rí Àṣàbí. Àṣàbí ń ta oògùn ní ilé oògùn kan ní Lẹ́kkí Phase 1. Ó lẹ́nu, ó lẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó lè yàn án jẹ. Lọ́jọ́ tó gbé jẹnẹrétọ̀ ilé wọn wá fún àtúnṣe, Ògúnkúnlé kí i, ó kí ìyá rẹ̀ tí kò bá a wá, ó kí bàbá rẹ̀ tó wà nílé, ó sì kí jẹnẹrétọ̀ náà kú ìrìn. Àṣàbí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún kan ààbọ̀, àwọn méjèèjì ti gbà pé àwọn máa fẹ́ra wọn. Ó wá ku bàbá.

Bàbá ọ̀hún ńkọ́? Tìjání lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n láti Oniru títí dé Ajah, kò sí lébìrà kan tó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Bàbá Sefútì ni wọ́n ń jẹ́. Bíríkìlà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, láyé ìgbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà ẹ́sípírẹ́ẹ̀sì, tí ẹ́sítéètì ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí olú. Wọ́n ṣubú láti àjà kẹta ilé kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣẹ́, kò sì jinná tán. Pákó tó ti jẹrà ló dá lábẹ́ àwọn, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Látìgbà náà ni wọ́n ti di ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀mí àwọn òṣìṣẹ́ ní sáìtì, iṣẹ́ tí òyìnbó ń pè ní sefútì. Wọ́n á wọ ẹ̀wù olómi-ọsàn tó ń tàn yanran, wọ́n á máa tiro kiri, wọ́n á máa pariwo pé, "Ìwọ yẹn, akoto rẹ dà?" Àní nínú ilé wọn pàápàá, èèyàn ò gbọdọ̀ gun àga láti pààrọ̀ gílóòbù àfi kí ẹnìkan di àga mú, kí ẹlòmíràn sì di ẹni tó di àga mú.

Irú àna báyìí ni Ògúnkúnlé ní, òun náà wá lọ gbé ara rẹ̀ sókè òfúrufú.

Ọ̀gá Olúdélé ló fà á. Thomas Estate ni Ọ̀gá Olúdélé ń gbé, ilẹ̀ ni wọ́n ń tà, owó sì ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n lọ ra ẹ́ńjìnnì kan láti òkè òkun, èyí tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn bí àpò ọmọ iléèwé. Fáànù ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú àgò irin, aṣọ fẹ̀ǹfẹ̀ kan sì wà tí a fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ni léjìká. Èèyàn á sáré, fáànù á máa tì í, aṣọ á gba atẹ́gùn, olúwarẹ̀ á gbéra nílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tó ń fò ni gbogbo Ajah ń pè é. Ọ̀gá Olúdélé fò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Orí igi àgbọn ni wọ́n bọ́ sí, ìyàwó wọn sì sọ fún wọn pé èèyàn lòun fẹ́, òun ò fẹ́ àṣá. Ni wọ́n bá ní kí Ògúnkúnlé tó ń tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe máa bá àwọn fò ó, kó máa wọ́ aṣọ tí wọ́n kọ "Ilẹ̀ wà fún títà" sí lẹ́yìn, ní gbogbo Sátidé, lórí etí òkun.

Wọ́n kúkú gba olùkọ́ fún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọkùnrin náà fi kọ́ ọ ní nǹkan mẹ́tàdínlógún: bí a ṣe ń yẹ okùn wò, bí a ṣe ń de bẹ́líìtì, bí a ṣe ń mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ògúnkúnlé gbọ́ ọ lágbọ̀ọ́yé. Àmọ́ olùkọ́ yìí kì í ṣe Yorùbá. Kò mọ irú ewu tó wà lára ọmọ Ìgbòho, kò sì kìlọ̀ nípa rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí Bàbá Sefútì, wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ta ló ń fò? Ọkọ ọmọ tèmi?" Wọ́n ní àwọn ò ní bínú, àwọn ò sì ní pariwo, àwọn á kàn lọ fojú ara àwọn rí i ní Sátidé kan tí kò ní mọ̀. "Bí mo bá rí i pé ó mójú tó ẹ̀mí ara rẹ̀, mo fún un lọ́mọ. Bí n kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó lọ wá lékèélékèé fẹ́." Àṣàbí sáré sọ ọ́ fún Ògúnkúnlé. Láti ọjọ́ yẹn lọ, oorun ò kùn ọkùnrin náà mọ́, torí ó fẹ́ràn Àṣàbí débi pé bó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù, ńṣe ló máa ń pa gbogbo jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Sátidé náà dé. Òòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn, atẹ́gùn ń fẹ́ jẹ́jẹ́ láti orí òkun. Ògúnkúnlé ṣe gbogbo nǹkan mẹ́tàdínlógún náà láìfo ọ̀kan. Ó yẹ okùn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó de bẹ́líìtì àyà, ó de ti itan, ó dé akoto. Ó tanná sí ẹ́ńjìnnì, ó sì di ohun ìtẹ̀ kékeré kan mú lọ́wọ́ ọ̀tún. Ohun ìtẹ̀ yìí ni ẹ fi ń bá fáànù sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, fáànù á yí díẹ̀. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, fáànù á bínú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Aṣọ gbéra lẹ́yìn rẹ̀, ó dúró dáadáa lókè orí rẹ̀. Ó ku bí ẹsẹ̀ mẹ́fà kó kúrò nílẹ̀ nígbà tí ẹ̀wù olómi-ọsàn kan yọ láàárín igi àgbọn níwájú rẹ̀.

Bàbá Sefútì rèé! Àna rẹ̀! Pẹ̀lú irun funfun lábẹ́ fìlà!

Ẹ̀yin ará, orí ní kó máa sáré lọ, ara ò gbọ́. Gbìì! Ògúnkúnlé nà gbalaja. Àyà rẹ̀ kan yanrìn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kan yanrìn, ohun ìtẹ̀ tó wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún sì wọlé dé ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ibi tí gbogbo èèyàn bá dọ̀bálẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń dìde. Ti Ògúnkúnlé gbéra ìrìn-àjò. Fáànù ń tì í lẹ́yìn, aṣọ tó ti wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gba atẹ́gùn, ó ń wọ́ ọ níwájú, ọkùnrin náà sì ń fi àyà rìn lórí yanrìn lọ sọ́dọ̀ àna rẹ̀. Bàbá Sefútì kọ́kọ́ dúró, wọ́n tiẹ̀ ti na ọwọ́ láti súre fún un. Nígbà tí wọ́n rí i pé kíkí náà ò ní dúró, wọ́n yí ẹ̀yìn padà, wọ́n fi ẹsẹ̀ tiro sá. Wọ́n yà sọ́tùn-ún, kíkí yà sọ́tùn-ún. Wọ́n yà sósì, kíkí yà sósì.

"Ẹ káàárọ̀, sà!" ni Ògúnkúnlé ń pariwo nínú yanrìn tó ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà! Ilé ńkọ́, sà? Ẹ sá, sà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sá, sà!"

"Mo ti gbọ́!" ni Bàbá Sefútì ń dáhùn bí wọ́n ṣe ń sá. "Mo ní mo ti gbọ́, ó tó gẹ́ẹ́! Dìde!"

Ẹ lè ní kí ló dé tí kò fi ju ohun ìtẹ̀ náà sílẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ń ba ọwọ́, ńṣe ló máa ń di nǹkan mú sí i, ẹni tí kò bá mọ̀ kó bi ẹni tó ti gbá wáyà iná mú rí. Bàbá Sefútì dé ibi tí oníàgbọn kan ti ń tajà, wọ́n fò gun orí tábìlì rẹ̀. Kíkí gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì kọjá fìrì, ó ṣẹ́rí padà díẹ̀, ó sì kọrí sí òkun. Ìgbì kan dìde, ó gbé Ògúnkúnlé mì tòun ti "ẹ kú ilé." Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́.

Ọlọ́run ló yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n wọ́ ọ jáde, fáànù ti ṣẹ́ sí mẹ́ta, okùn mọ́kànlá ti já, awọ àgbọ̀n rẹ̀ ti bó, ṣùgbọ́n akoto wà lórí digbí, egungun kankan kò sì ṣẹ́. Bàbá Sefútì ṣì wà lórí tábìlì, láìsí ẹni tó di tábìlì mú. Kò sẹ́ni tó láyà láti sọ fún wọn.

Ọ̀gá Olúdélé sáré dé. Wọ́n ti rí i pé ọ̀rọ̀ ìyàwó ti fẹ́ bàjẹ́, wọ́n sì fẹ́ ràn án lọ́wọ́. "Bàbá, atẹ́gùn ni o! Atẹ́gùn òjijì ló gbé e lulẹ̀. Èmi gan-an rí i."

Bàbá Sefútì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n jókòó sórí yanrìn níwájú Ògúnkúnlé, wọ́n wo ojú rẹ̀. "Ṣé atẹ́gùn ni?"

Ògúnkúnlé mọ̀ pé bóun bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Ta ló lè bá atẹ́gùn ṣẹjọ́? Ṣùgbọ́n ojú tì í láti purọ́ lójú irun funfun. Ó tu yanrìn dànù lẹ́nu. "Rárá, sà. Atẹ́gùn ò ṣe nǹkan kan. Mo rí yín ni, mo sì dọ̀bálẹ̀. N kò tiẹ̀ rò ó, ara mi ló ṣe é." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ẹ má torí ẹ̀ gba Àṣàbí lọ́wọ́ mi, sà."

Bàbá Sefútì fọwọ́ pa ẹsẹ̀ wọn tó ṣẹ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n máa lanu, ohùn wọn ti rẹlẹ̀.

"Kì í ṣe pákó," ni wọ́n wí.

"Pákó wo, sà?"

"Pákó tó gbé mi ṣubú. Pákó ọ̀hún le koko, bóyá ó ṣì wà níbì kan di òní. Ọ̀gá tó ni iṣẹ́ ló ń kọjá nísàlẹ̀. Mo tẹ̀ síwájú kọjá etí pákó láti kí i. 'Ẹ káàbọ̀, sà' ni mò ń sọ lọ títí mo fi kan ilẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá rèé, mo ń purọ́ mọ́ pákó, torí ta ni mo fẹ́ sọ fún pé kíkí ló ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀?" Wọ́n nu ojú. Lójijì, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Tèmi tiẹ̀ sàn. Èmi ò lé ọ̀gá mi kiri!"

Ògúnkúnlé náà rẹ́rìn-ín, àgbọ̀n rẹ̀ ń ta á. Ṣùgbọ́n Bàbá Sefútì ò fi mọ síbẹ̀. Wọ́n na ìka sí i. "Gbọ́ mi dáadáa. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, kò sí àgbà láyé. Kò sí bàbá, kò sí ìyá, kò sí ọba. Mo tún ń bọ̀ o, n ò sì ní sọ ọjọ́. Bí o bá kí mi bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún lẹ́yìn rẹ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé orí lo mì sí mi, gbàgbé Àṣàbí."

Ẹ gbà mí! Gbogbo ayé ló ń sọ fún ọkọ ìyàwó pé kó rí i pé òun kí àna. Ti Ògúnkúnlé nìkan ni wọ́n ní kó má kí i.

Àṣàbí ló di olùkọ́ tuntun. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á lẹ òwú funfun mọ́ àgbọ̀n, á dé fìlà bàbá rẹ̀, á sì máa tiro kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ògúnkúnlé á dúró ti jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ mira. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìgbà mẹ́sàn-án ló ṣubú lulẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, méje. "Èmi ni o!" ni Àṣàbí ń wí. "Àṣàbí ni mí! Ṣé o ò rí yẹtí létí mi ni?" Ògúnkúnlé á ní, "Mo mọ̀, irùngbọ̀n yẹn ló ń pè mí." Àwọn àgbààgbà àdúgbò gbọ́, wọ́n sọ ọ́ di eré ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á tò kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wúkọ́, wọ́n á fọwọ́ pa irùngbọ̀n, àwọn ìkà! Ọkùnrin náà á di eyín, á máa gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe. Nígbà tó fi máa pé oṣù méjì, tí fáànù tuntun àti okùn tuntun dé, ó ti lè dúró. Ó mú páálí, ó kọ nǹkan mẹ́tàdínlógún olùkọ́ rẹ̀ sí i, ó sì fi èyí tó jẹ́ tirẹ̀ kún un nísàlẹ̀: "Pa ẹ́ńjìnnì ná, kó o tó kí èèyàn."

Sátidé kejì tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò ni Bàbá Sefútì wá. Ẹ́ńjìnnì ti ń dún lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ ṣì wà nílẹ̀, ló bá rí ẹ̀wù olómi-ọsàn. Ó di eyín. Kò burú, ó ti múra sílẹ̀ de Bàbá Sefútì. Ṣùgbọ́n bàbá yìí burú! Wọn ò dá wá. Ìyá tó bí wọn ni wọ́n mú lọ́wọ́, Ìyá Àbẹ̀bí, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, orí wọn funfun bí òwú láti iwájú dé ìpàkọ́. Wọn ò sì sọ nǹkan kan fún màmá náà ju pé kí wọ́n wá wo ọkọ Àṣàbí.

Ògúnkúnlé ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú yanrìn. Òógùn bò ó. Gbogbo Ìgbòho ló ń pariwo nínú ara rẹ̀ pé balẹ̀, balẹ̀, ọmọ burúkú, balẹ̀! Bàbá Sefútì fi ẹsẹ̀ fa ìlà sórí yanrìn níbi tó jìnnà sí fáànù, wọ́n sì dá ìyá wọn dúró síbẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò wá ṣẹlẹ̀. Màmá àgbà ló kọ́kọ́ kí i. Wọ́n gbé ọ̀pá sókè, wọ́n fi gbogbo ohùn pè é: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọkọ mi!"

Ògúnkúnlé gbọ́ ọ yékéyéké. Kò dáhùn. Omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò, ó sì dúró gbagidi bí òpó iná.

"Tìjání," ni Ìyá Àbẹ̀bí wí, "ṣé odi ni?"

"Kì í ṣe odi, mà."

"Kò lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn! Mo kí i, ó ń wò mí! Irú èyí lo fẹ́ fún ọmọ ọmọ mi?"

"Kò kí yín, mà!" Bàbá Sefútì ti ń fi ẹsẹ̀ tiro jó. "Ẹ rí i bí kò ṣe kí yín? Kò tiẹ̀ mi orí!"

Ògúnkúnlé pa ẹ́ńjìnnì. Ó dúró títí fáànù fi dúró. Ó tú bẹ́líìtì itan, ó tú ti àyà, ó gbé ẹrù náà kalẹ̀, ó ṣí akoto. Ó wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wò. Lẹ́yìn náà ló wá sáré dé ibi ìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún màmá àgbà, pẹ̀lú gbogbo kíkí oṣù méjì tó ti há sí i lọ́rùn. "Ẹ káàárọ̀, mà! Ẹ kú ìrìn, mà! Ẹ kú àtàárọ̀, ẹ kú òòrùn, ẹ kú ìdúró! Ẹ má bínú, mà, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn mi ni." Kò dìde. Ó ń sunkún sínú yanrìn.

"Dìde, ọmọ mi," ni Bàbá Sefútì wí. "Mo fún ọ."

Ìyá Àbẹ̀bí ò gbọ́ ọ yé. Wọ́n ní kí ẹnìkan ṣàlàyé. Bàbá Sefútì wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n wo ojú ìyá wọn, wọ́n sì kúnlẹ̀ sórí yanrìn, àgbàlagbà tó ti ní àna. "Ìyá mi, ọjọ́ tí mo ṣubú, kì í ṣe pákó. Ọ̀gá mi ni mo fẹ́ kí."

Màmá àgbà fi ọwọ́ kan orí ọmọ wọn. "Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀. Ta ló kọ́ ọ ní kíkí? Èmi tí mò ń febi pa ọ́ bí o kò bá kí èèyàn náà ni, n ò sì láyà láti bi ọ́." Wọ́n nu ojú pẹ̀lú etí ìró. Wọ́n fi ọ̀pá tọ́ èjìká Ògúnkúnlé. "Ìwọ náà, dìde. Ó ti tó. Bí ìwọ àti Àṣàbí bá bímọ, ẹ kọ́ ọ bí èyí, kó kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ wá ibi tí mo lè jókòó sí fún mi, ẹsẹ̀ ń ro mí."

Oníàgbọn gbé àga wá. Bàbá Sefútì ní kí Ògúnkúnlé di àga náà mú, àwọn fúnra wọn sì di Ògúnkúnlé mú, kí màmá tó jókòó.